Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Lórí Eérú Tí Kì Í Kú

Kì í ṣe ebi ló lé mi kúrò ní Apòmù. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ẹbí ọkọ mi ti sọ fún gbogbo ayé pé owó ni mo tẹ̀lé lọ sí ìlú òyìnbó. Olùkọ́ ni mí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì, mo ń gba owó oṣù, mo sì ní ibi tí mo ń sùn. Ìpàdé kan ló lé mi.

Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, ọmọ olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà. Apòmù ni mo lọ́kọ sí. Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì mọ̀ pé kò sí ohun tó là wọ́n láàárín. O lè gbé iṣu kaná ní Ìkirè, kí o sì ti fẹsẹ̀ rìn dé Apòmù kí iṣu náà tó jinná. Síbẹ̀, ogún ọdún tí mo fi jẹ́ ìyàwó wọn, wọn kò yé pè mí ní ará Ìkirè. Ọlọ́run kò sì fún èmi àti ọkọ mi lọ́mọ, èyí ló jẹ́ kí ẹnu wọn gbó sí i.

Nígbà tí ọkọ mi kú, wọ́n pe ìpàdé ẹbí lórí oko tó wà lọ́nà Ìkòyí. Èmi àti ọkọ mi la jọ gbin kòkó ibẹ̀. Ní gbogbo ìsinmi iléèwé, oko ni mo máa ń wà. Àbúrò ọkọ mi ló ṣe alága ìpàdé. Akọ̀wé ni níjọba ìbílẹ̀ nígbà náà, Bàbá Akọ̀wé ni mo sì ń pè é. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé mi wọlé ní ìyàwó, nítorí náà èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, n kò bá àṣà jà.

Lọ́jọ́ yẹn mo na ọwọ́ sókè pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa," ó wí, kò tilẹ̀ wo ojú mi, "má dà wá láàmú. Ìyàwó kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Jókòó, kí o máa gbọ́."

Mo jókòó. N kò sọ nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n mú ìwé ìpàdé wá fún mi kí n rí i. Ohun tí Bàbá Akọ̀wé kọ síbẹ̀ nìyí: Ìyàwó olóògbé wà níjòókòó, kò sì lòdì sí i. Bí oko ṣe di ti Bàbá Akọ̀wé àti àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka gbólóhùn yẹn. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lóòótọ́, n kò sì sọ̀rọ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé wọn kò nílò irọ́ kan ṣoṣo kí wọ́n tó jà mí lólè. Kí ọdún tó yípo, mo ti kúrò nílùú.

*

N kò ní sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ọ̀nà gùn, ó sì ti parí. Ìlú kékeré kan létí òkun ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo bọ́ sí, mo sì ríṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ nílé tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo pàdé rẹ̀, ó jọ ẹni tí a ti mọra tẹ́lẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni ọjọ́ tí mo rí i tí wọ́n ń gbé òkú jáde ní ilé tó kángun sí tiwa, tí mo béèrè ẹni tó kú, tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ ní gbogbo òpópónà náà.

Wọ́n gé orúkọ mi sí méjì, wọ́n ń lo ìdajì. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ká ní mo bímọ ni, ọmọ-ọmọ mi ni wọn ì bá jẹ́, ìdajì orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pè mí láti ẹnu ọ̀nà. Èmi tí mò ń kọ́ni ní bí odò ṣe ń ṣàn, mo wá ń pààrọ̀ aṣọ tí àgbàlagbà tọ̀ sí. Ojú kò tì mí. Àgbà tí a kò bá nù nídìí yóò rùn, ì báà jẹ́ òyìnbó. Ọ̀gá wa obìnrin ló ń bí mi nínú. Ó máa ń fi ohùn òkè bá mi sọ̀rọ̀, ní díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bá odi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó lẹ ìwé kan mọ́ ògiri fún gbogbo òṣìṣẹ́. Mo mú bírò pupa, mo tún gírámà rẹ̀ ṣe níbi mẹ́rin, mo fún un ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá, mo sì fi orúkọ mi sísàlẹ̀, odindi orúkọ. Láti ọjọ́ náà ló ti rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ̀rín tí mo rín nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mò ń padà sílé lọ́jọ́ yẹn, òun ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rín ní ìlú náà.

Ìyá arúgbó kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú tí kì í jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Háárí, máa ń wá kí i ní ọjọ́ ìsinmi. Bí Háárí bá ti bi mí pé báwo ni nǹkan, èsì kan náà ni mo máa ń fún un: "Lọ́dún tó ń bọ̀, mò ń lọ sílé." Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú ìyá rẹ̀ kí ó tó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni "ọdún tó ń bọ̀" yẹn wá tó sì kọjá lójú rẹ̀.

Kì í ṣe pé mò ń purọ́ fún un. Èmi fúnra mi gbà á gbọ́. Ní gbogbo Sátidé ni mo máa ń pe Àbíkẹ́, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ilé bàbá wa ní Ìkirè. Yóò sọ ẹni tó bímọ fún mi, yóò sọ ẹni tó kú, yóò sọ ẹni tó bá pásítọ̀ jà. "Àǹtí mi, wọ́n ń dín dòdò lójúde wa báyìí," á ní, "ṣé òórùn rẹ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín ni?" Bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, ilé á dákẹ́ jù. Mo máa ń ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ díẹ̀ kí nǹkan kan lè máa sọ̀rọ̀.

Mo fẹ̀yìn tì. Mo ra ilé kékeré kan sí ọ̀nà tó lọ sí èbúté. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Ìkirè, ara mi kò gba ooru mọ́, mo sì gbọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní "ìyá òyìnbó." Mo padà.

Dórísì ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Opó bíi tèmi ni, ó ti wa bọ́ọ̀sì ìlú rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Mo gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sínú ike lẹ́yìnkùlé, ó yọjú lórí ọgbà, ó bi mí pé kí ló dé tí mò ń bomi rin koríko. Mo sè é fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu abọ́, ó ní, "Koríko yìí dára." Láti ìgbà náà la ti di ọ̀rẹ́. N kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn ní ìlú yẹn, mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

*

Ilé iṣẹ́ kan wà ní ìtòsí wa tó ń fi núkílíà ṣe iná mọ̀nàmọ́ná. Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè fojú inú wò ó, ààrò ńlá kan ni. Ohun tó ń jó nínú rẹ̀ ń fún gbogbo agbègbè níná, ṣùgbọ́n eérú tó ń fi sílẹ̀ kì í kú. O kò lè rí iná inú rẹ̀, kò lóòórùn, síbẹ̀ yóò máa jẹ ẹran ara èèyàn run fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n ń wá ibi tí wọn ó gbẹ́ jìn lọ sábẹ́ àpáta kí wọ́n rì í mọ́ ibẹ̀. Wọn kò ní fipá mú ìlú kankan. Ìlú tó bá gbà ni wọn yóò gbẹ́, ìlú tó bá sì gbà yóò rí gbọ̀ngàn tuntun àti ọ̀nà tuntun. Ni ìjọba ìbílẹ̀ wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìpàdé kí àwọn olùgbé lè sọ tẹnu wọn.

Dórísì kan ilẹ̀kùn mi. "Ṣé o ó bá mi lọ? Iwájú ilé wa méjèèjì ni ọkọ̀ tó bá ń kó o yóò máa gbà."

"Kí ni n ó lọ ṣe níbẹ̀?"

"Wàá sọ̀rọ̀."

"Ta ló fẹ́ gbọ́?"

"Ó di dandan fún wọn kí wọ́n gbọ́. Òfin ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan."

N kò gbà á gbọ́, mo tẹ̀lé e lọ bí ẹni tó ń lọ wo ìran. Gbọ̀ngàn ìkàwé ni wọ́n ti ṣe é. Aago kékeré kan wà lórí tábìlì alága, irú èyí tí a máa ń lù níléèwé. Apẹja kan dìde, ó ní bí nǹkan yìí bá jò sínú òkun, kódà bí kò bá jò, bí ìròyìn bá kàn jáde pé ó jò, ta ni yóò ra ẹja òun? Aago dún, ó jókòó. Ọmọbìnrin kan tó gbé ọmọ kọ́ àyà bíi ti àwọn òyìnbó ní òun fẹ́ mọ àmì tí wọn yóò fi síbẹ̀, nítorí ẹgbẹ̀rún ọdún sí ìsinsìnyí, àwọn tí yóò máa gbé ibẹ̀ lè má gbọ́ èdè wa. Onímọ̀ tó wá láti olú ìlú ní àwọn ṣì ń ronú lórí ìyẹn. Ọkùnrin kan bú alága. Wọ́n jẹ́ kó bú u fún ìṣẹ́jú mẹ́ta pé pérépéré, wọ́n lu aago, wọ́n ní ó ṣeun. Ọmọbìnrin akọ̀wé kan sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò wọ́n. Obìnrin tó gbé ọmọ yẹn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọkọ tó fẹ́, tàbí ìlú tí wọ́n ti fẹ́ ẹ wá.

Nǹkan kan sì wà tí èmi mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ lọ́jọ́ náà. Mo mọ omi. Mo ti kọ́ ọmọ nípa rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, mo sì ti mu èyí tó bàjẹ́ rí. Mo sọ fún Dórísì nígbà tí a ń rìn lọ sílé pé èmi náà yóò sọ̀rọ̀ ní ìpàdé kejì. Ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká, ohun tí kò ṣe rí.

*

Mo kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé, mo kà á lójú dígí. Mo wọ ìró àti bùbá tó dára jù lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo dìde, mo sì ṣe bí bàbá mi ṣe kọ́ mi.

Mo kí alága. Mo kí ìgbìmọ̀ lápapọ̀, mo kí àwọn àgbà tó wà níjòókòó. Mo kí àwọn tó to àga. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀mí gbogbo wa ṣojú ọjọ́ náà. Mo bá ìdílé àlùfáà tó kú lọ́sẹ̀ tó kọjá kẹ́dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún irú èmi náà láti dìde, mo ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ìlú kò rọrùn, kí Olúwa má jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n, kó má sì jẹ́ kí wọ́n fi orí wọn ṣe é. Lẹ́yìn náà mo tú ìwé mi, mo ní, "Ohun tó gbé mi dìde ni pé—"

Aago dún.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá dìde láàárín àwọn àgbà tó kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí ilé, ìjà ló bá wá. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohun tó bá sọ lẹ́yìn náà. N kò mọ̀ pé ìkíni náà wà lára ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo rò pé ìgbà tí mo bá kí tán ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ojú alága ti pọ́n láti òwúrọ̀ nítorí èébú, ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tí wọ́n fún lómi mu. "Ẹ ṣeun púpọ̀, mà," ó wí. "Ẹni tó kàn."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n lẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé. Mo wá orúkọ mi. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, wọn kò tilẹ̀ gé e. Níwájú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, ó sì fara mọ́ iṣẹ́ náà.

Mo dúró síbẹ̀ títí ẹnì kan fi bi mí pé ṣé n kò ṣàìsàn.

Dórísì ti kà á ṣáájú mi. Orí ọgbà la ti pàdé.

"O ò sọ fún mi pé o ti gbà fún wọn."

"Mi ò gbà."

"Mo wà níbẹ̀. O ṣàdúrà fún wọn."

"Ìkíni ni, Dórísì."

"Fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta?"

"Mi ò tíì kí tán."

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Odindi oṣù kan ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá ń bomi rin tẹ̀tẹ̀, yóò wọlé lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ròyìn fún Àbíkẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ kí àwọn tó se oúnjẹ?"

"Kò sóúnjẹ, Àbíkẹ́. Tíì àti bisikíìtì ni."

"Ẹ ò wá kí ẹni tó po tíì, Àǹtí mi? Ẹ wá ṣe bí ẹni tí ò ní ẹ̀kọ́ ilé."

Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún pè é ní Sátidé kejì, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ti sọ ọ́ fún ẹnì kan níbi ìkómọ kan, ẹni náà ti gbé e dé Apòmù.

"Bàbá Akọ̀wé ti gbọ́," ó wí. "Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àlejò kì í mọ ojú ìpàdé."

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Àǹtí mi, ẹ fi àwọn òyìnbó sílẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí wọn jàre. Ṣé ìlú yín ni?"

*

Wọ́n máa ń ní kí àgbà má bínú pẹ́. Èmi bínú pẹ́, ìbínú náà sì ṣe mí lóore. Òun ló ń jí mi lówùúrọ̀ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó lè mú mi jáde lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. N kò dárí ji Bàbá Akọ̀wé. Kò bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn ni mo wá rí i pé ẹ̀bi kan wà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní Apòmù, mo gbọ́rọ̀, mo jókòó, wọ́n kọ ọ́ pé mo gbà. Níbí, mo dìde, mo sọ̀rọ̀, wọ́n tún kọ ọ́ pé mo gbà. Ẹni tí wọ́n bá kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè dá àwọn tó kọ ọ́ lẹ́bi. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, yóò ní láti dìde lọ bá wọn.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọbìnrin akọ̀wé yẹn ló jókòó síbẹ̀. Ọmọ tó gbọ́n ni. Ó tẹ́tí sí mi títí, ojú sì tì í.

"Ó ṣeé yí padà," ó wí. "Kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ lè dìde kí ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n olùgbé ìlú nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi kún fọ́ọ̀mù yìí."

Orúkọ. Àdírẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè kan: Ṣé ìlú yìí ni ibùgbé yín títí lọ? Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí a fa ìlà sí ọ̀kan.

Mo ní mò ń mú un lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù yẹn fi wà lórí tábìlì mi. Mo ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà ní ìlú náà, n kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ara mi, pé ibẹ̀ ni mò ń gbé. Ibẹ̀ ni mo wà ni mo máa ń sọ. Ẹni tó wà níbì kan lè dìde nígbà tó bá wù ú. Bí àga bá fọ́, n kì í ra èyí tó dára, nítorí mò ń lọ. Bí wọ́n bá fi nǹkan lọ̀ mí nínú ìjọ, n kì í gba oyè, nítorí mò ń lọ. Ará Ìkirè ni mí ní Apòmù, ará òyìnbó ni mí ní Ìkirè, obìnrin Áfíríkà ni mí ní ọ̀nà èbúté. Gbogbo ìgbà tí àwọn èèyàn ń sọ mí lórúkọ wọ̀nyí, kò sí ẹnì kan tó bi mí léèrè. Fọ́ọ̀mù ìjọba ìbílẹ̀ ló kọ́kọ́ bi mí.

Mo ronú kan Bàbá Akọ̀wé, mo ronú kan ilẹ̀kùn Dórísì tó wà ní títì. Mo fẹ́ kí n lè sọ pé ìfẹ́ ìlú ló mú mi fa ìlà náà. Ìbínú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo fà á sí Bẹ́ẹ̀ ni, mo wọ kóòtù, mo sì mú un lọ kí n má baà yí ọkàn padà.

*

Alága ka àkọlé ìpàdé. Ó béèrè bóyá ẹnì kan ní àtúnṣe sí àkọsílẹ̀ tó kọjá. Mo dìde.

"Ohun tí ẹ kọ nípa mi kò tọ́," mo wí. "Mi ò fara mọ́ ọn. Mo lòdì sí i. Ní ilé bàbá mi, a ní kànga kan tí omi rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Aládùúgbò wa tó wà lókè gbẹ́ ṣáláńgá. Ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ yíká, gbogbo wa lọ wò ó, a sì yìn ín. Ọdún kọkànlá ni omi wa bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àbúrò mi ọkùnrin mu ún, ó kú. Omi kì í gbé ojú kan, àpáta a sì máa la. Sìmẹ́ǹtì tiyín dára ju tiwa lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n iye ọdún tí ẹ fẹ́ kó fi dúró, kò sí sìmẹ́ǹtì tó tíì gbé tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ohun tí mo fẹ́ sọ níjọ́sí nìyẹn."

Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó ṣe mí bí ẹni tó jáde nílé láìbọ́jú, pé mo sọ gbogbo rẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn dákẹ́, akọ̀wé sì ń kọ.

Háárí dìde lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ iná náà ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì ń wá iṣẹ́ síbẹ̀.

"Mo bọ̀wọ̀ fún un," ó wí. "Ó tọ́jú ìyá mi ju bí èmi ṣe lè tọ́jú wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń sọ fún mi pé òun ń lọ sílé lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé ẹni tó ń lọ ni yóò wá pinnu fún àwa tí a kò níbòmíràn?"

Àwọn kan kùn pé òótọ́ ni. Alága wò mí. Kò lu aago.

"Òótọ́ ni Háárí sọ," mo dáhùn. "Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìlú tí mo ti lọ́kọ kò jìnnà sí ìlú tí wọ́n bí mi sí, kò ju ibí sí èbúté yín lẹ́ẹ̀mejì. Ogún ọdún ni mo fi gbé ibẹ̀, àlejò ni wọ́n pè mí títí mo fi kúrò, wọn kò sì jẹ́ kí n la ẹnu lórí ilẹ̀ tí mo fọwọ́ mi gbin. Mo ti lé ní ogún ọdún lọ́dọ̀ yín náà. Bí ẹ bá ní ó dìgbà tí mo bá di ọmọ ìlú yìí kí ẹ tó gbọ́ mi, ìdọ̀tí yín á ti tutù kó tó di ọjọ́ náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, lọ́jọ́ yìí mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Háárí náà kò lè mú un mọ́ra. Ó gbọn orí, ó jókòó. Alága ní kí akọ̀wé ka àtúnṣe náà sókè. Ọmọbìnrin náà kà á ketekete: Olùgbé ìlú yìí lòdì sí i, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà àwọn káńsílọ̀ nawọ́. Àwọn tó fẹ́ kí ìjíròrò lórí gbígbẹ́ ilẹ̀ náà máa tẹ̀ síwájú fi ọwọ́ díẹ̀ ju àwọn tí kò fẹ́ lọ. Bí ó ṣe parí nìyẹn.

Dórísì dúró dè mí lórí àtẹ̀gùn ìta. Òjò ń ṣẹ́.

"A pàdánù," ó wí.

"Mo rí i."

"Ìpàdé mìíràn wà lóṣù tó ń bọ̀."

"Mà á wá."

Ó mú mi ní ìgùnpá, a sọ̀ kalẹ̀ pọ̀. Kò tọrọ àforíjì, èmi náà kò tọrọ. Àgbà méjì ni wá, àtẹ̀gùn sì ń yọ̀.

*

Àbíkẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán ní Sátidé.

"Ẹ pàdánù náà nìyẹn, Àǹtí mi."

"Ọwọ́ wọn pọ̀ ju tiwa lọ."

"Kí lẹ wá rí jẹ níbẹ̀?"

"Wọ́n kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀."

"Ẹ ó sì ti kú kí wọ́n tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ ibẹ̀."

"Bóyá."

Mo ń gbọ́ ìpè ìrun ọ̀sán láti mọ́sáláṣí ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkirè, ó wọ inú fóònù wá, ó lọ, ó tún padà. Mo mọ̀ pé ó ń ronú kan nǹkan kan, ọmọ náà kì í dákẹ́ lásán láti kékeré.

"Fọ́ọ̀mù tí ẹ kún yẹn," ó wí nígbà tó yá. "Ṣé ibẹ̀ ni wọn ó sin yín sí nìyẹn?"

N kò tíì rò ó dé ibẹ̀. Mo wo ìta lójú fèrèsé. Dórísì ń ti ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀ lọ síwájú sẹ́yìn, ó ti gé tirẹ̀ tán, ó ti wọ tèmi láìbéèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí.

Mo gbọ́ tó fa imú. "Ta ni yóò máa tọ́jú ojú oórì yín, Àǹtí mi? Ẹ ò lọ́mọ níbẹ̀. Ẹ ò lẹ́bí."

"Dórísì ni. Bí èmi bá kọ́kọ́ lọ, yóò máa gé koríko orí tèmi. Bí òun ló bá kọ́kọ́ lọ, èmi ni n ó máa gé tirẹ̀."